Ẹ fún àwọn ọmọ Ìtàn ní píríọ́ọ̀dù kan: Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé girama

Ẹ̀yin ọ̀gá wa nínú ANCOPSS, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé girama ní Nàìjíríà, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé-ìwé girama ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ, ẹ sì kú ètò sáà tó ń bọ̀. Olùkọ́ Ìtàn ni mí. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín, kò gba owó púpọ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì lè ṣe é, nítorí ọwọ́ yín ni táìmùtébù wà. Nínú gbogbo píríọ́ọ̀dù tí Ìtàn bá ní lọ́sẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ láti SS1 títí dé SS3, kó jẹ́ ti kíkọ àròkọ pẹ̀lú aago nìkan. Ká má kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun níbẹ̀, ká má kọ nóòtì níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀nà méjì ni àjọ WAEC ń gbà dán ọmọ wò nínú Ìtàn ní WASSCE, ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé girama. Ọ̀kan ni ìbéèrè oní-ABCD, tí ọmọ tó bá ti kàwé lè fojú mọ ìdáhùn rẹ̀. Èkejì ni àròkọ. Níbi àròkọ yìí, bí a bá pín àkókò tí wọ́n fún ọmọ sí iye ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ dáhùn, nǹkan bí ìdajì wákàtí ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìdajì wákàtí yẹn, ọmọ ní láti ka ìbéèrè kó yé e, kó rántí ohun tó mọ̀, kó ṣa èyí tó bá ìbéèrè mu, kó fi ìyókù sílẹ̀, kó tò ó, kó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á fi lè bá a lọ. Kí ọwọ́ tó sinmi, ó ti di ìbéèrè mìíràn. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ máa ṣe irú iṣẹ́ yìí látòkèdélẹ̀ ni ìgbà mọ́ọ̀kì ní SS3, nígbà tí WASSCE ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe láti SS1? Nóòtì ni wọ́n ń kọ. Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ. Bí pátákó bá kún, a ó nù ún, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú tí kíláàsì dúdú, olùkọ́ á máa pè é, wọ́n á máa kọ ọ́. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ fi ń da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ, lẹ́yìn náà la ó gbé ìwé funfun síwájú rẹ̀ pé kó kọ ti ara rẹ̀, ká tún máa wo aago lé e lórí.

Mo mọ ohun tó jẹ́ ká máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nóòtì ni ohun tí ojú lè rí. Bí àwọn alábẹ̀wò bá dé láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, nóòtì ni wọ́n ń béèrè. Bí òbí bá ṣí ìwé ọmọ rẹ̀ tó bá a ní ojú ewé funfun, á ní olùkọ́ kì í wọ kíláàsì. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti pè mí sí ọ́fíìsì pé kí ló dé tí nóòtì àwọn ọmọ mi kò gùn tó ti kíláàsì kejì. Àwọn àròkọ tí àwọn ọmọ náà kọ wà nínú fáìlì lórí tábìlì mi, kò sí ẹni tó ní ká mú un wá. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ọ̀dọ̀ yín ni àyípadà èyí ti lè bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ bá ń yẹ̀ wò ni àwa olùkọ́ á máa ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan tí gbogbo ọmọ Ìtàn máa ń bá pàdé: kí ló fà á tí ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ fi wó? Mo ti ka ìdáhùn sí ìbéèrè yìí títí ojú mi fi mọ bó ṣe máa ń lọ. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀. Á kọ nípa Odùduwà, á kọ nípa Ọ̀rànmíyàn, á sọ bí wọ́n ṣe tẹ Ọ̀yọ́ dó, á to iṣẹ́ Aláàfin, Ọ̀yọ́ Mèsì (àwọn ìjòyè afọbajẹ) àti Ògbóni lẹ́sẹẹsẹ. Ojú ìwé kan àbọ̀ ti lọ, kò tíì sọ ohun tí wọ́n bi í. Nígbà tó bá gbójú sókè, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Á wá sáré to orúkọ sílẹ̀: Baṣọ̀run Gáà, Àfọ̀njá, àwọn Fúlàní, òwò ẹrú, Dáhòmì. Orúkọ lásán. Bí èyí ṣe bá ìyẹn tan, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń máàkì mọ̀ pé ọmọ yìí kàwé, ó kàn jẹ́ pé kò rí ibi tó máa fún un ní máàkì sí ni.

Ọmọ tí a ti kọ́ láti kọ̀wé pẹ̀lú aago, ibòmíràn ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ á sọ èrò rẹ̀: pé inú Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ni ìwó náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀tá òde tó dé. Lẹ́yìn náà á mú ẹ̀rí wá. Á ní Baṣọ̀run Gáà, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, gba agbára lọ́wọ́ ọba láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, tó fi di pé ó ń pàṣẹ kí Aláàfin kan kú kí òmíràn jẹ. Á ní Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun Gáà ní 1774 lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlàáfíà tó tẹ̀lé e kò tún ohun tó ti bàjẹ́ láàárín ọba àti àwọn ìjòyè ṣe. Á ní Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ ní 1783, àwọn Ẹ̀gbá náà sì ti gba ara wọn sílẹ̀ lábẹ́ Lísàbí. Nígbà tó bá wá dé orí Aláàfin Aólẹ̀ àti Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó jẹ́ olórí ogun rẹ̀, tó dé orí Àlímì, àlùfáà Fúlàní, àti Ìlọrin, ẹni tó ń kà á á ti rí i pé ilé tó ti sán ni ìjì bá. Ọmọ yìí kò mọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nóòtì kan náà ni àwọn méjèèjì kọ, ẹnu olùkọ́ kan náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí lórí ìsọdọ̀kan 1914. Bí wọ́n bá béèrè ìdí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ ìtàn ìgbésí ayé Lugard, gómìnà Òyìnbó tó pa wọ́n pọ̀, wọ́n á sì fi Flora Shaw, akọ̀ròyìn tó wá di ìyàwó rẹ̀, kún un, pé òun ló dá orúkọ Nàìjíríà ní 1897. Ìtàn yẹn dùn, ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ọ̀rọ̀ owó: Àríwá kò rí owó tó tó ná, ọdọọdún ni Lọ́ńdọ̀nù ń fi owó ràn án lọ́wọ́, owó sì ń wọlé fún Gúúsù láti orí ẹrù tó ń gba èbúté kọjá. Wọ́n ń béèrè nípa ọkọ̀ ojú irin àti bí wọn kò ṣe fẹ́ kí ìjọba méjì máa ná owó méjì lórí iṣẹ́ kan. Ìpínrọ̀ mẹ́ta péré lè gbé gbogbo èyí. Ìṣòro àwọn ọmọ wa ni pé wọn kò tíì kọ́ bí a ti ń fi ohun tí a mọ̀ sílẹ̀ láìkọ ọ́, ìyẹn kò sì ṣeé fi ẹnu kọ́ ènìyàn. Àfi kí ó ṣe é, kí àkókò tán mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú kíláàsì, kó rí ohun tó pàdánù, kó tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ yìí wúwo sí i ní ìgbà tiwa yìí. Nígbà tí wọ́n yọ Ìtàn kúrò nínú kòríkúlọ́ọ̀mù ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré ní 2009, àìmọye ọmọ ló wọ SS1 láì tíì jókòó sí kíláàsì Ìtàn rí. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955, pariwo títí lórí rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì tún kéde ìpadàbọ̀ rẹ̀ ní 2022. Mo dúpẹ́ gan-an fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó yẹ kó kọ́ ọmọ ní JSS ti lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn, àlàfo náà kò sì lè dí lọ́dún kan. Ọmọ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa ní SS1 lónìí, ìtàn tuntun ló ń gbọ́, àròkọ tuntun ló sì ń kọ́, nínú èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Bí a bá fi kíkọ sílẹ̀ di SS3, a ti pẹ́ jù.

Bí a ṣe lè ṣe é nìyí, ohun tí mo ti rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ní SS1, ẹ má jẹ́ ká béèrè odindi àròkọ. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun mẹ́ta ni mò ń wá nínú rẹ̀: kí ọmọ sọ ohun tó gbà gbọ́, kó mú ẹ̀rí kan tó ní orúkọ àti ọdún wá, kó sì sọ bí ẹ̀rí náà ṣe gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló nira jù. Ọmọ á kọ pé àwọn obìnrin Aba jà ní 1929 nítorí wọ́n rò pé ìjọba Òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ wọn, á sì dúró síbẹ̀. Mo máa ń lọ dúró ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀, màá fi ìka sí ibi tó parí sí, màá ní, «Kí ni ìyẹn wá fi hàn wá nípa àwọn ìjòyè tí Òyìnbó fi jẹ?» Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ mọ̀ ọ́n. Kò kàn mọ̀ pé òun ló yẹ kó sọ ọ́ ni.

Ní SS2, ìpínrọ̀ á di méjì, á di mẹ́ta, títí àròkọ á fi pé. Ìgbà yìí la ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe máa pín ìdajì wákàtí. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, báírò kò gbọdọ̀ kan ojú ìwé ìdáhùn. Ká ka ìbéèrè, ká fàlà sí abẹ́ ohun tí wọ́n bèèrè gan-an, torí ìbéèrè tó ní ká to okùnfà sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ní ká sọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Ká kọ kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ẹ̀yìn ìwé, ká fi nọ́ńbà sí wọn. Ogún ìṣẹ́jú fún kíkọ. Ìyókù fún kíkà á padà. Àwọn ọmọ máa ń fo ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn pátápátá. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á ní àkókò ń lọ, wọ́n á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó odindi tááàmù kan kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ jókòó rò ó ló máa ń parí.

SS3 la tó ń so àròkọ méjì pọ̀ láìsinmi, torí ọwọ́ máa ń ro ọmọ tí kò bá tíì mọ́ lára. Ẹ má fi èyí ṣe kékeré. Ọmọ tí kò kọ ju ìpínrọ̀ kan lọ ní ìjókòó kan rí, bó bá dé ìbéèrè kẹta ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ìka rẹ̀ á ti le, ìkọ̀wé rẹ̀ á sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun kan tí àwọn kan nínú yín lè máà fẹ́. Kí àwọn ọmọ mi tó kọ̀wé lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá jiyàn. Mo bi kíláàsì kan nígbà kan pé ta ló jẹ̀bi, Aólẹ̀ ni àbí Àfọ̀njá? Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ dìde, ó ní Aólẹ̀ ni, ó ní ọba tó rán Kakaǹfò lọ jagun ní Ìwéré-Ilé, ìlú tó jẹ́ ilé ìyá Aláàfin àtijọ́, ó mọ ohun tó ń ṣe, ó fẹ́ kí ó kú síbẹ̀ ni. Ọmọkùnrin kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé rárá, Àfọ̀njá ti ń wo ìtẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, Ìwéré-Ilé kàn jẹ́ àwíjàre fún un ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ẹlòmíràn wá ní, «Ẹ dákẹ́ ná, kì bá ṣe àwọn méjèèjì, ẹlòmíràn á ṣe é, láti ìgbà Gáà ni kò ti sí ẹni tó bẹ̀rù ọba mọ́.» Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè pa á mọ́ra. Àròkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rí, láti ẹnu àwọn ọmọ tí wọ́n ní wọn kò lè kọ Ìtàn. Nígbà tí wọ́n jókòó, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, mo sì tan aago. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò dán, ṣùgbọ́n èrò wà nínú rẹ̀, a sì lè tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá kọjá lẹ́bàá kíláàsì Ìtàn tí ẹ gbọ́ ariwo lédè Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba owó ìtanràn «fánákúlà» lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà.

Mo mọ ohun méjì tí ẹ máa sọ. Àkọ́kọ́ ni pé sílábọ́ọ̀sì kò ní parí. Ẹ̀yin ọ̀gá, á parí. Ọmọ tó kọ àròkọ lórí ìpàdé Berlin ti 1884 sí 1885, tó sì tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì, kò nílò kí a tún kọ́ ọ ní SS3 mọ́. Àwọn àkòrí tí a kọ nóòtì wọn lásán la máa ń padà wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà àtúnyẹ̀wò. Èkejì ni pé ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, ta ni yóò máàkì gbogbo rẹ̀? Òótọ́ ni, ibi tó ń dùn wá jù nìyẹn, àwa olùkọ́. Olùkọ́ kan tó bá ní kíláàsì mẹ́fà kò lè ka gbogbo ìwé lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Ohun kan ṣoṣo là ń máàkì lọ́sẹ̀ kan: lọ́sẹ̀ yìí gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ̀rí nìkan. Àwọn ọmọ á pààrọ̀ ìwé, wọ́n á fàlà sí abẹ́ ibi tí ẹnì kejì wọn ti dáhùn ìbéèrè gan-an. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń yára rí àṣìṣe nínú ìwé ẹlòmíràn! Olùkọ́ á kó díẹ̀ lọ sílé, kó sì rí i pé kò sí ọmọ tí ìwé rẹ̀ kò kan òun kí tááàmù tó parí. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún níhìn-ín ni pé kí ẹ ka irú máàkì yìí sí iṣẹ́. Ẹ má sọ pé olùkọ́ kò máàkì nítorí pé kò fi báírò pupa kun gbogbo ojú ewé.

WAEC fúnra wọn ń ràn wá lọ́wọ́ ju bí a ṣe rò lọ. Wọ́n ń gbé ìròyìn àwọn olórí olùdánwò wọn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí àwọn ọmọ ṣe dáadáa àti ibi tí wọ́n ti kùnà. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ilé-ìwé bá tẹ ti Ìtàn jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kó wà ní yàrá olùkọ́, owó rẹ̀ kò tó owó páálí ṣọ́ọ̀kì kan. Mo máa ń ka apá kan nínú rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ àwọn SS3. Wọ́n máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, torí wọ́n gbọ́ nǹkan tí àwọn náà ṣe lánàá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú kan ọ̀rọ̀ màgòmágó ìdánwò náà. Gbogbo wa mọ̀ pé ó wà. Ọmọ tó bá mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ti kọ irú àròkọ yìí tó ìgbà púpọ̀, tí aago kò sì bá òun lójijì, kì í wá ẹni tó máa fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Ìbẹ̀rù ló ń lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀.

Nípa ti píríọ́ọ̀dù tí mò ń bèèrè, ogójì ìṣẹ́jú ni tiwa ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Bí a bá yọ ìgbà tí àwọn ọmọ fi ń jókòó àti ìgbà tí a fi ń pín ìwé, ìdajì wákàtí ló kù, èyí sì ni àkókò tí àròkọ kan ń gbà ní WASSCE gẹ́lẹ́. Kò sí ìṣẹ́jú kan tó ṣẹ́ kù níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìkéde fa àpéjọ òwúrọ̀ gùn, tàbí tí ẹnì kan bá wọlé wá gba owó PTA, tàbí tí wọ́n bá kó àwọn ọmọ lọ ro oko ilé-ìwé, àròkọ ọ̀sẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn. Nítorí náà ẹ má fi sí píríọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ẹ má sì fi sí èyí tó kẹ́yìn ní ọjọ́ Ẹtì. Àárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dára jù. Kí aago ara ògiri kan wà nínú kíláàsì, èyí tí gbogbo ọmọ lè rí láti ibi tí wọ́n jókòó sí, torí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Láàárín oṣù August ni àwọn igbákejì yín máa ń jókòó ti táìmùtébù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe olùkọ́ Ìtàn yín, ẹ bi í ọjọ́ tó fẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fún SS1, SS2 àti SS3: Ìtàn, àròkọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ Ìtàn kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun